Orúkọ Tí Ìyá Délé Kì Í Pè

Àgànyìn ni wọ́n ń pè mí ní Ṣàgámù. Èmi ọmọ Kétu òdìkejì bodè, tí bàbá mi kì í jẹun àárọ̀ láìkọ́kọ́ ki oríkì ilé wa, obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu géètì hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Àgànyìn, ẹ̀pà èló ni kí n bù?" Mo ní Yorùbá ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo àwa tá à ń ti apá ibẹ̀ yẹn wá là ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ẹ̀pà rẹ̀ sílẹ̀, mo wọlé lọ. Ebi sì ń pa mí.

Bí mo ṣe rí nìyẹn láwọn ọdún yẹn. Inú tètè ń bí mi, ara mi kì í sì í balẹ̀. Mo ti kàwé Gẹ̀ẹ́sì ní Kútọnu, mo gboyè, ìjọba wa wá ní òun ò gba olùkọ́ mọ́. Àwa tá a jọ jáde ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, à ń fi Gẹ̀ẹ́sì bú ìjọba tó ń sọ Faransé. Ó sú mi. Mo ní kí n lọ sí Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà, kí ahọ́n mi lè là dáadáa, kí n padà wá wá iṣẹ́. Oṣù mẹ́fà di ọdún mẹ́rin. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń ṣe mí bíi pé ọ̀la ni màá lọ.

Èdè ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Mo rò pé ìlú Yorùbá ni mò ń lọ, kò sí ohun tí mi ò ní gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Ṣàgámù á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì á bọ́ sí i láàárín bí òkúta inú ẹ̀wà, wọ́n á wá fi èdè ìgboro Èkó parí rẹ̀. Àwọn àgbà ní tiwọn ń sọ èdè Rẹ́mọ. Mò ń gbọ́ ìdajì, mo sì ń mi orí sí ìdajì tó kù. Tí èmi náà bá lanu, wọ́n á ní, "Kí ló wí?" Wọ́n á tún ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àwọn lè rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan mo wà ní gáréèjì, mo gbọ́ tí ẹni tó ń pe èrò ń kígbe, "Ìlárá! Ìlárá! Ó ku ẹnì kan!" Ìlárá kan wà lẹ́nu bodè wa lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń ná ọjà. Mo kó wọnú bọ́ọ̀sì náà láìbéèrè ohunkóhun. Ìgbà tá a dé Ìlárá Rẹ́mọ tí wọ́n ní kí n sọ̀, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mò ń wo àwọn ilé tí n kò rí rí. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀ kí n tó wọlé pé bọ́ọ̀sì yẹn ò lè gbé mi dé ilé wa. Mo kàn ṣáà fẹ́ lọ ni.

Faransé tí mo gbọ́ ló jẹ́ kí wọ́n gbà mí sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ó wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, àwọn oníṣòwò tó ń ti Kútọnu bọ̀ máa ń sùn síbẹ̀. Èmi ni mò ń jókòó sídìí tábìlì iwájú, tí mò ń kí àlejò káàbọ̀, tí mò ń fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ yàrá. Mo lo bí ọdún méjì ààbọ̀ bẹ́ẹ̀ kí máníjà tó pè mí lọ́jọ́ kan pé kí n tilẹ̀kùn.

Ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó kan fẹ́ gba gbogbo òkè hòtẹ́ẹ̀lì fún àwọn ẹnjiníà wọn, odidi ọdún kan. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, obìnrin kan máa wá láti ọ̀dọ̀ wọn, yóò sì bá òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá lè dá àlejò lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì kò ní ṣiṣẹ́ lókè.

"Níbo ni wọ́n á ti wá ṣiṣẹ́, sà?" ni mo bi í.

"Ilé wọn," ó ní. "Ìwọ lo kàwé Gẹ̀ẹ́sì. Kọ́ wọn."

Inú mi dùn débi pé mi ò rò ó síwá sẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí mo ti jáde ilé-ìwé, ẹnikẹ́ni ò pè mí ní olùkọ́ rí.

Yàrá ìfọṣọ la ti ń ṣe kíláàsì, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀. Ooru áyọ́ọ̀nù kún inú yàrá náà, gbogbo wa á máa làágùn. Àwọn mẹ́fà ni. Èyí tó kéré jù ni Fúnkẹ́, ọmọ Ìlíṣàn, tí ìjọ wọn ń sinmi lọ́jọ́ Sátidé, tó sì máa ń bẹ̀ mí kí n má kọ́ àwọn yòókù ní nǹkan tuntun lẹ́yìn òun. Èyí tó dàgbà jù ni Ìyá Délé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn níbẹ̀. Ilé kan ní àdúgbò Makun ni wọ́n fẹ́ wọn sí, ọkọ wọn ti kú, Délé tí í ṣe àbígbẹ̀yìn wọn sì wà nílé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ yẹn ni Délé fi ń kàwé. Gbogbo wa la mọ̀.

Mi ò kọ́ wọn ní gírámà. Ohun tí ẹnu ń sọ lẹ́nu iṣẹ́ ni mo kọ́ wọn: omi ò tíì gbóná, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣé mo lè wọlé tún yàrá yín ṣe, gílóòbù ti jó, mò ń lọ pe ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n tètè mọ ọ̀rọ̀. Ìwà ló le. Mo ṣe bí àlejò, mo bi Fúnkẹ́ pé iná ti lọ, ìgbà wo ló máa dé? Ó ní ó ti ń bọ̀ báyìí báyìí.

"Ṣé o mọ̀ pé ó ń bọ̀ ni?"

"Rárá o, Àǹtí. Ṣé kí n wá sọ fún àlejò pé mi ò mọ̀ ni? Ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀."

Ọjọ́ kejì, mo ní kó kanlẹ̀kùn kó gbé tíì wọlé. Ó kanlẹ̀kùn, mo ṣí i, mi ò rí ẹnì kankan. Fúnkẹ́ ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ ti àwo tíì ti àwo tíì. A rẹ́rìn-ín títí máníjà fi wá wò ó bóyá nǹkan ń ṣe wá.

Ìyá Délé kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀ ní kíláàsì. Wọ́n á máa ká aṣọ ibùsùn bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi nídìí tábìlì iwájú, èémí wọn ń lọ sókè sódò. Wọ́n ní ọkùnrin kan dá àwọn dúró lókè pé omi ò yọ ní yàrá òun.

"Kí lẹ wá wí?"

"Mo wí i bí o ṣe kọ́ mi. Gbogbo rẹ̀. Ó sì dúpẹ́."

Wọ́n dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bíi pé nǹkan míì ṣì kù tí mo yẹ kí n ṣe. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ kí wọn kú oríire. Mi ò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Ṣàgámù rí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi mo máa ń pe ilé. Kò sí tẹlifóònù nílé wa, àmọ́ ọ̀kan wà ní ilé oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Kétu. Tí wọ́n bá ti parí ìsìn, ìyá mi á lọ jókòó tì í. Èmi náà á tò sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń pe tẹlifóònù ní Ṣàgámù, tó bá kàn mí, ìlà á já lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, mo sọ ti Ìyá Délé fún wọn. Wọ́n yọ̀. Wọ́n wá bi mí pé:

"Ṣé Yorùbá kọ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni?"

"Yorùbá ni, Màmá."

"Kí ló wá dé tí ohùn rẹ ń yí?"

Mo ní ìlà ni kò dáa. Mo rìn kiri ìlú títí ilẹ̀ fi ń ṣú, nítorí mi ò fẹ́ wọ yàrá mi. Ta ló ń fi ohùn yẹn sọ̀rọ̀, bí kì í bá ṣe èmi? Ní Ṣàgámù wọ́n ní ohùn mi ò jọ ti Yorùbá, nílé wọ́n ní kò jọ tèmi mọ́. Mo ronú pé kí n kúkú máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ó kéré tán, kò sẹ́ni tó máa retí pé tèmi ni.

Lọ́sẹ̀ kẹrin ni máníjà mú ìwé wá. Àwọn ohun tí obìnrin tó ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ òyìnbó máa béèrè ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni pé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè dárúkọ ọ̀gá tí àlejò máa fi ẹjọ́ sùn. Ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú yàrá ni Bọ̀dá Káyọ̀dé, ọmọ Makun, ọkùnrin dúdú tó ga, tó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ó kan Ìyá Délé.

Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ó dá ṣáká: ọkọ àwọn ni.

Fúnkẹ́ ṣubú sórí aṣọ tí wọ́n ti ká sílẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, òyìnbó máa rò pé ẹ̀yin méjèèjì jọ ń sùn ni. Ẹ dárúkọ wọn."

"Mèé lè pè é," ni wọ́n wí. Èdè Rẹ́mọ ni wọ́n fi sọ ọ́, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Mò ń kọ ọ́ bó ṣe yé mi ni. Wọ́n ní ọmọ ilé ọkọ àwọn ni, ó ti wà nílé kí àwọn tó wọlé. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé àwọn ní ìyàwó ni àwọn ti sọ ọ́ ní Dúdúyẹmí, nítorí bó ṣe dúdú tó sì ń yan kiri àgbàlá. Dúdúyẹmí yẹn náà ni àwọn ń pè é láti ìgbà yẹn.

Ṣé mi ò mọ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Kétu. Ìyàwó kì í dárúkọ ẹni tí wọ́n bí sílé ọkọ kó tó dé, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Títí dòní, ìyá mi ò dárúkọ àbúrò bàbá mi kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù, àtéwé àtàgbà ní kíláàsì ló ń wò mí.

"Ìyá, Gẹ̀ẹ́sì ni a ń sọ," ni mo wí. "Kò sí ilé ọkọ nínú Gẹ̀ẹ́sì."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nígbà tí mo sọ ọ́. Ìyá Délé wò mí.

"Ẹnu ta ni màá wá fi sọ ọ́?"

Wọ́n ò wá sí kíláàsì lọ́jọ́ kejì, àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kẹta mo lọ bá wọn ní Makun. Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ ka iwájú mi, wọ́n ní kí n jẹun ná. Ìgbà tí mo wẹwọ́ tán ni wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí àwọn ará ilé.

"Ọmọ mi, ìwọ máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bá mi sọ fún obìnrin yẹn. Sọ fún un pé àwa kì í pè é. Kó bi mí ní nǹkan míì, ohunkóhun tó bá wù ú."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí. Ṣùgbọ́n mo ronú kan obìnrin náà, bó ṣe máa gbé ojú sókè kúrò lórí ìwé rẹ̀ tó máa wò wá bí ará oko. Mo ronú kan máníjà, pé àlejò ni mí nílùú, mi ò ní ìwé kankan tó ní kí n máa ṣiṣẹ́. Ojú ń tì mí. Òtítọ́ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

"Kò ní yé e, Ìyá."

"O ò tíì sọ ọ́ fún un."

"Kò ní yé e. Á ní a ò kọ́ yín dáadáa. Iṣẹ́ yín á bọ́."

Iṣẹ́ yín ni mo wí, ṣùgbọ́n tèmi ni mò ń rò. Wọ́n gbé àwo kúrò níwájú mi. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó dáa. Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́." Mo kọ́ wọn. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ láìṣìṣe, tí wọ́n bá ti dé ibi orúkọ, wọ́n á dákẹ́. Wọ́n ní àwọn ò ní pè é nínú àgbàlá yẹn. Ọjọ́ tó bá kan án làwọn máa fi í sí i.

Obìnrin náà dé ní àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sidé. Ẹgbẹ́ ìyá mi ni, ikọ́ ń ṣe é, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó jókòó sí pálọ̀ ìsàlẹ̀, ó bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì. Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn òṣìṣẹ́. Bọ̀dá Káyọ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń pè wọ́n wọlé. Fúnkẹ́ wọlé, ó dúró gbọnrangandan, ó dáhùn gbogbo rẹ̀, ó sì sọ pé òun ò mọ ìgbà tí iná máa dé. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn mẹ́rin míì wọlé, wọ́n jáde.

Ìyá Délé wọlé kẹ́yìn. Wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ tuntun, wọ́n sì wé gèlè kékeré lé e. Obìnrin náà ní tówẹ́ẹ̀lì ò sí ní yàrá òun, wọ́n dá a lóhùn. Ó ní omi tutù, wọ́n dá a lóhùn. Ó wá ní tí inú òun ò bá dùn, ta ni ọ̀gá tí òun máa rí, kí lorúkọ rẹ̀?

Ìyá Délé ò wo Bọ̀dá Káyọ̀dé. Èmi ni wọ́n wò. Àyè ṣì wà nígbà yẹn. Mo tẹ orí ba, mò ń wo ìwé.

Wọ́n ní ọ̀gá àwọn ni Mísítà Káyọ̀dé.

Ohùn wọn ò gbọ̀n. Bí mo ṣe kọ́ wọn gan-an ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Obìnrin náà sàmì sí ìwé, ó ní ó dáa gan-an. Bọ̀dá Káyọ̀dé ṣílẹ̀kùn, ó jáde.

Nígbà tó kù àwa méjì, obìnrin náà bi mí bóyá ara ọkùnrin yẹn ò yá ni. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìyàwó tuntun títí dé orí ọmọ ọdún méje. Ó fi bíírò sílẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" ó ní. "Orúkọ tiyín ni ǹ bá ní kí wọ́n pè."

Gbogbo wọn yege. Máníjà ra mínírà fún wa, Fúnkẹ́ jó. Lọ́jọ́ Ìsinmi ìyá mi bi mí lórí tẹlifóònù bóyá kò sẹ́ni tó ṣubú. Mo ní kò sí. Wọ́n ní Ọlọ́run ṣeun, kí ló wá dé tí mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀? Ọdún méjì ààbọ̀ ni mo fi ń bá gbogbo ìlú jà pé ọ̀kan náà ni wá, pé ohun tí wọ́n mọ̀ ni mo mọ̀. Ọjọ́ tí ohun tí a jọ mọ̀ nílò ẹnu, tèmi ló wà níbẹ̀, mo sì pa á dé. Mo kórìíra ara mi fún un. Ó ń bí mi nínú títí dòní.

Ní ọjọ́ Ajé, Bọ̀dá Káyọ̀dé gba yàrá ìfọṣọ kọjá. Ìyá Délé kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ káàárọ̀, Mísítà Káyọ̀dé."

Ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣeré ni, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Túsìdé, bákan náà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wá bá mi nídìí tábìlì iwájú.

"Àǹtí Kétu, ẹ bá mi bẹ ìyàwó mi. Mo ti sọ fún wọn pé mo yọ̀ǹda. Àwọn àgbà ilé wa náà ti ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n pè mí bí wọ́n ṣe ń pè mí."

Mo lọ. Wọ́n ń ká aṣọ ibùsùn, wọn ò sì dá ọwọ́ dúró. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi, mo sì bẹ̀ wọ́n ní tèmi náà.

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Mi ò bínú sí ọ. Délé á parí ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo sọ ọ́ yẹn, ìyàwó ló ni ín. Mo sì ti dúró níwájú gbogbo yín, mo sọ pé ọ̀gá mi ni. Ṣé kí n tún pa dà wá máa tan ara wa ni?"

Mo lo ọdún kan àti díẹ̀ sí i níbẹ̀ kí n tó kúrò ní Rẹ́mọ. Mi ò gbọ́ Dúdúyẹmí lẹ́nu Ìyá Délé mọ́. Fún bí oṣù kan, Bọ̀dá Káyọ̀dé ṣì ń dáhùn pé, "Ẹ káàárọ̀, ìyàwó mi." Lẹ́yìn náà, òun náà ò pè wọ́n ní ìyàwó mọ́. Ìyá Délé ló ń pè wọ́n, bíi ti gbogbo wa.